Iyọ̀ Inú Ife

Ní Bochnia, níbi tí ilé dúró lé iyọ̀ lórí,
Teofil bàbá mi a máa wọnú ilẹ̀ lọ kílẹ̀ tó mọ́.
Àpótí onírin a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ìgbà tí a ju garawa sí kànga,
a tún fà á yọ nírọ̀lẹ́, irùngbọ̀n rẹ̀ á funfun,
kì í ṣe funfun ogbó.
Ó ní: "A kì í gbin iyọ̀, a kì í sì í rọ ọ́.
Ilẹ̀ ti bí i tán kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó lójú."

Mo gbà á gbọ́,
títí di ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kejì,
tí yìnyín dí fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì pa,
tí Olùkọ́ Wacława Szczerba ká apá ẹ̀wù sókè,
ó ní, "Ẹ súnmọ́ mi. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ẹ má sì tọ́ nǹkan kan wò."

Ìgò méjì.
"Ásíìdì nìyí. Ó ń jẹ irin bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé.
Sódà nìyí. Ẹ má pè é ní onísùúrù:
ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ,
awọ rẹ tó ń yọ́ ló ń yọ̀ yẹn."

Ó kán oògùn kan sínú sódà,
omi náà pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí òtútù nà.
Ó wá ń kán ásíìdì sí i, ẹ̀kán, ẹ̀kán,
a ò mí.
Ẹ̀kán kan péré, àwọ̀ náà sá lọ, kò padà mọ́.
Mo gbá ife náà mú: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ìjà ti parí," ni mo wí.
"Ta ló jà?" ni ó dáhùn.
"Ohun tó ń gún kálukú nínú ni wọ́n jọ gbé sílẹ̀, ó di omi.
Èyí tó kù láàárín wọn, òun ni iyọ̀."
Ó gbé e kaná. Omi lọ. Funfun kù.

Pààrọ̀ òbí, ojú ọmọ á yí padà.
Ásíìdì inú bátìrì àti eruku bàbà tó dúdú bí èédú
bí òkúta búlúù, irú búlúù
tí ojú ọ̀run wa kò ní títí yìnyín yóò fi yọ́.
Ásíìdì mìíràn àti omi eérú igi:
ọmọ tiwọn a máa ran iná lọ́wọ́, àwọn ológun mọ̀ ọ́n.
Ọtí kíkan àti ẹfun, ó hó títí
Gerwazy fi rẹ́rìn-ín ṣubú lórí àga.

Lálẹ́, mo tú bébà sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ànàmọ́ bàbá mi.
"Ìgò méjì la fi ṣe é."
Kí n tó sọ ohun tí olùkọ́ kà léèwọ̀,
ó ti fi itọ́ tẹ ìka, ó ti lá a.
"Iyọ̀ ni."
Ó ń wò ó bí ẹni tó rí ẹ̀wù ara rẹ̀ lọ́rùn àlejò.

Ó pẹ́ kó tó bèèrè: "Èló ni ìgò méjèèjì?"
Mo sọ ọ́. Ó fi ìka ṣírò, ó tún un ṣírò,
ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀,
ẹ̀rín tí a ò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí òrùlé ihò wó lu Hieronim.
"Sọ fún olùkọ́ rẹ pé owó pọ́ọ́kú ni tiwa ṣì jẹ́!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí lóru, iná ń tàn ní ilé ìdáná.
Bàbá mi ti ṣí páálí ìṣáná tí mo kó òkúta búlúù sí,
ó gbé e súnmọ́ àtùpà, ó ń yí i,
kò bi mí ní nǹkan kan.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti lọ sínú ilẹ̀.
Páálí náà wà lójú fèrèsé,
ó ti fi lẹ́ẹ̀dì ìwakùsà kọ ọ́ sí i lára, gàdàgbà:
MÁ LÁ A.